Tẹlifóònù Tó Wà ní Pálọ̀ Baálẹ̀

Abà Ọlọ́gẹ̀dẹ̀,
Lẹ́yìn Ẹ̀gbẹ́dá.
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán.

Àjíkẹ́ ọmọ mi,

Mi ò ní béèrè bóyá ara rẹ le, torí Mùfú onímọ́tò tó bá ọ gbé lẹ́tà wá ti sọ fún èmi àti ìyá rẹ pé o ti sanra, pé wọ́n fún ọ ní àga tó ń yí, àti pé inú ọ́fíìsì yín tutù débi pé òun ń gbọ̀n nígbà tí òun ń dúró dè ọ́. Inú wa dùn sí i. Ìyá rẹ ti dúpẹ́ nítorí rẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ Àìkú, ó jó dé iwájú pẹpẹ, gbogbo ìjọ sì bá a jó. Ọ̀rọ̀ dídùn inú lẹ́tà yìí dúró síbẹ̀ ná, torí inú ń bí mi, mi ò sì fẹ́ fi ẹ̀rín bò ó.

Ọjọ́ mẹ́jọ ni mo fi dúró kí n tó mú bírò. Ìyá rẹ ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ní bí mo bá kọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo ka ìwé tí o fi ránṣẹ́, ohun tí kò yẹ kí bàbá kọ sí ọmọ rẹ̀ ni màá kọ. Ọjọ́ mẹ́jọ náà ti pé, inú ṣì ń bí mi, nítorí náà jókòó, kí o fara balẹ̀ kà á.

O kọ̀wé sí mi pé iléeṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ọ́ fẹ́ gbé tẹlifóònù tí kò nílò wáyà wá sí abà wa, pé wọ́n máa ri òpó irin gíga kan mọ́lẹ̀, àti pé bó bá yá, wọ́n á tún gbé kọ̀ǹpútà kan wá tí ènìyàn lè fi kọ lẹ́tà sí ọmọ rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, tí lẹ́tà náà á sì dé kí ẹni tó kọ ọ́ tó mu omi tán. Íńtánẹ́ẹ̀tì lo pè é. O ní gbọ̀ngàn ìlú wa ni wọ́n fẹ́ lò fún un. O wá ní kí èmi tí mo jẹ́ akọ̀wé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè abà fọwọ́ sí ìwé tí o fi sínú àpòòwé, kí n dá a padà fún Mùfú lọ́jọ́ kejì, torí bí ìwé náà bá tètè dé, ọ̀gá rẹ á sọ iṣẹ́ rẹ di èyí tó dúró, wọn ò tún ní máa dán ọ wò mọ́.

Kò sí èyí tó bí mi nínú nínú ìyẹn. Ọmọ tó bá ríṣẹ́ gbọ́dọ̀ fẹ́ kí iṣẹ́ náà dúró. Gbólóhùn méjì ló bí mi nínú. Èkíní, o kọ ọ́ pé tẹlifóònù ìjọba tó wà lábà yìí tẹ́lẹ̀ kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni, ìdí nìyẹn tó fi kú. Èkejì, o kọ ọ́ pé, "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu láti ka ìwé náà sétí àwọn ará abà, kò ní yé wọn. Ẹ ṣáà bá wa fọwọ́ sí i." Mo kà á tán, mo tún un kà, mo wo ẹ̀yìn àpòòwé bóyá ọmọ ẹlòmíì ló kọ ọ́. Ọwọ́ rẹ ni.

Jẹ́ kí n sọ ẹni tó ni ín fún ọ. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́mọkùnrin, tí mo ń ṣiṣẹ́ wáyà ní iléeṣẹ́ tẹlifóònù ìjọba, ọ̀gá wa ní àwọn lè fa wáyà láti ojú títì tó lọ sí Ifẹ̀ wọ abà yìí, ṣùgbọ́n òpó ò sí nílẹ̀. Àwọn ará abà ní àwọn á pèsè òpó. Agbo ilé kọ̀ọ̀kan gé igi tíìkì kan, wọ́n bó èèpo rẹ̀, wọ́n fi iná ra ìdí rẹ̀ kí ikán má baà jẹ ẹ́, wọ́n sì gbé e lé èjìká wá síbi tí mo gbẹ́ ihò sí. Ilé Alágbẹ̀dẹ gbé tiwọn wá. Ilé Ìmáàmù gbé tiwọn wá. Èyí tí Ilé Ẹlẹ́mu kọ́kọ́ gbé wá wọ́, mo sì ní kí wọ́n padà lọ gé òmíràn, wọ́n bú mi kí wọ́n tó lọ, ṣùgbọ́n wọ́n lọ. Títí di òní, bí àlejò bá béèrè ọ̀nà lábà yìí, wọ́n á ní kó yà sápá ọ̀tún níbi òpó Ilé Ẹlẹ́mu, bẹ́ẹ̀ òpó náà ti wó kí o tó wọ ilé-ìwé girama. Ìwọ náà máa ń júwe ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Ohun tí o ní kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nìyẹn.

Má wá rò pé ìjọba ni mò ń gbèjà. Inú ń bí mi sí àwọn náà. Wáyà wa já, a kọ lẹ́tà, wọn ò wá. Wọ́n wá nígbà kan, wọ́n wò ó, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ibi tí wọ́n lọ títí di òní nìyẹn. Èmi fúnra mi sì ti wà nínú wọn, nítorí náà mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ìgbà kan wà tí obìnrin kan ń wá sí ọ́fíìsì wa láti Ọlọ́runṣògo nítorí tẹlifóònù ilé rẹ̀ tó kú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tó dé, ó kí mi bí ẹni tó ń kánjú. Nítorí ìkíni yẹn nìkan, mo ní kó padà wá lọ́la. Nígbà tó padà wá, mo ní ẹni tó mú àkàbà ò sí nílé, bẹ́ẹ̀ àkàbà náà wà lẹ́yìn mi níbi tí mo jókòó sí. Ọjọ́ kẹta ló tó kúnlẹ̀ kí mi dáadáa, mo sì dìde. Iṣẹ́ náà ò gbà mí ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Ojú ń tì mí bí mo ṣe ń kọ ọ́ yìí, ṣùgbọ́n kọ ọ́ ni màá kọ ọ́, torí ìwọ náà ti wà lórí àga báyìí, àwọn ènìyàn á sì máa dúró níwájú rẹ. Ẹni tí kò ní ibòmíràn láti lọ, má fi ìyẹn jẹ ẹ́ níyà. Ìmọ̀ràn kan nìyẹn, fi sọ́wọ́ ọ̀tún.

Èyí tó kù wúwo jù ú lọ.

Nígbà tí wáyà dé, ó ku ibi tí a máa gbé ẹ̀rọ náà sí. Ọ̀gá mi ní kí èmi yan ibẹ̀, torí èmi ni ọmọ abà. Gbogbo wa sì ti fẹnu kò sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ gbọ̀ngàn ìlú, níbi tí kò sí ilẹ̀kùn, tí ẹni tó ń ti oko bọ̀ lè yà sí pẹ̀lú ẹsẹ̀ ẹlẹ́rẹ̀. Ṣùgbọ́n mò ń fẹ́ ìyá rẹ nígbà náà. Bàbá ìyá rẹ ni Baálẹ̀, wọn ò sì tíì fún mi lésì, torí wọ́n ní ẹni tó ń gun òpó jẹun, òun náà lè já bọ́ lọ́jọ́ kan, kí ọmọ àwọn di opó ní kékeré. Lọ́jọ́ ìpàdé, mo dìde níwájú gbogbo ìlú. Mo ní nǹkan tó níyì báyìí, kò yẹ kó wà níta gbangba. Mo ní pálọ̀ Bàbá Baálẹ̀ ló tọ́ sí i. Ta ló fẹ́ dìde níwájú Baálẹ̀ kó ní pálọ̀ wọn ò dára tó? Gbogbo ènìyàn pàtẹ́wọ́. Bàbá rẹ́rìn-ín músẹ́. Kò pé oṣù mẹ́ta tí wọ́n fi fún mi lésì tí mo ń wá.

Ìyá rẹ fi kíróṣéè hun ìbòrí funfun fún tẹlifóònù náà. Èmi mú àgádágodo kékeré kan wá láti ọ́fíìsì, irú èyí tí wọ́n fi máa ń ti ibi tí ìka ń gbà yí nọ́ńbà, kí àwọn ọmọdé má baà fi ṣeré. Mo dọ̀bálẹ̀, mo fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ lé Bàbá lọ́wọ́. Kọ́kọ́rọ́ méjì ló bá a wá. Èkejì wà nínú báàgì iṣẹ́ mi.

O mọ bí ilé bàbá ìyá rẹ ṣe rí, ọmọ mi, o gbọ́njú bá wọn. Bí ènìyàn bá fẹ́ lo tẹlifóònù, á kọ́kọ́ jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bí Bàbá bá ń jẹun, á dúró. Bí wọ́n bá ń gba àlejò, á dúró. Bí wọ́n bá ráyè, á dọ̀bálẹ̀ tàbí kó kúnlẹ̀, á kí wọn kú iṣẹ́, á béèrè àlàáfíà àwọn ìyàwó lọ́kọ̀ọ̀kan, kó tó wá sọ pé òun fẹ́ lo nǹkan náà. Bàbá á béèrè pé ta ló fẹ́ pè, nítorí kí ni. Kò sí ọ̀rọ̀ àṣírí tí ènìyàn lè sọ lórí rẹ̀. Mo sì fẹ́ kí o mọ̀ pé kò sí ìwà ibi nínú wọn. Wọn ò kọ̀ fún ẹnikẹ́ni rí. Ọ̀wọ̀ la fi tì í mọ́lẹ̀, àwa tí a gbé òpó rẹ̀ lérí èjìká.

Ọ̀sán ọjọ́ kan báyìí, Làmídì sáré wá. O ò mọ̀ ọ́n dáadáa, ó ti kú kí o tó dàgbà, òun ni ọkọ Ìyá Sìkírà. Oyún kejì ló wà lára ìyàwó rẹ̀, ó ti ń rọbí láti àárọ̀ kùtùkùtù, agbẹ̀bí sì ní ọmọ náà dábùú, ó ju agbára òun lọ, kí wọ́n pe ilé ìwòsàn ní ìgboro kí wọ́n gbé ọkọ̀ wá. Làmídì dé ọ̀dẹ̀dẹ̀ Bàbá pẹ̀lú òógùn lára. Bàbá ń sun oorun ọ̀sán.

Mo wà níbẹ̀, Àjíkẹ́. Mo jókòó lórí bẹ́ńṣì, mo wá kí àwọn àna mi, ìyàwó mi tuntun ń bu omi fún mi mu. Làmídì bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ti sùn tipẹ́?" Mo ní, "Wọn ò ní pẹ́ jí. Jókòó, ṣe sùúrù." Ó jókòó, ó sì ṣe sùúrù. Ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún rẹ̀, ó ń wo ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tó ń jí Bàbá lójú oorun, kò sí ẹni tó dán an wò rí. Báàgì iṣẹ́ mi wà lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi, kọ́kọ́rọ́ kejì wà nínú rẹ̀, tẹlifóònù wà lẹ́yìn aṣọ ìkélé tí mo lè nawọ́ kàn. Mo rò ó. Má rò pé mi ò rò ó. Mo ní bí Bàbá bá jí tí wọ́n rí i pé mo wọ pálọ̀ àwọn láìgbàṣẹ, tí mo ní kọ́kọ́rọ́ tí àwọn ò mọ̀, kí ni wọ́n máa rò nípa ọkọ ọmọ àwọn? Mo mu omi mi tán.

Nígbà tí Bàbá jáde, Làmídì dọ̀bálẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kí wọn. Ó kí wọn kú ìsinmi. Ó béèrè ara Ìyá Àgbà. Mo jókòó síbẹ̀, mo ń gbọ́ ọ. Ìgbà tó wá sọ ohun tó gbé e wá, Bàbá pariwo mọ́ wa lórí, èmi ò gbọ́ igbe wọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n ní, "Kí ló dé tí ẹ ò jí mi?" Wọ́n kánjú débi pé wọn ò lè ki kọ́kọ́rọ́ náà bọnú, èmi ni mo gbà á tí mo sì ṣí i. Ọkọ̀ dé nígbà tí oòrùn ti ń wọ̀. Ìyá Sìkírà yè é. Ọmọ náà ò yè é.

Láti ọjọ́ náà, Bàbá sọ àgádágodo nù. Wọ́n sì sọ fún gbogbo abà pé kí wọ́n máa jí àwọn. Kò sí ẹnì kan tó jí wọn, títí tí wọ́n fi wọlẹ̀ lọ. Ènìyàn á dé, wọ́n á ní Bàbá ń sùn, á sì jókòó. Nítorí náà, ọmọ mi, nígbà tí o bá ń sọ fún mi pé jíjẹ́ tìjọba ló bà á jẹ́, mo fẹ́ kí o mọ̀ pé kí wáyà tó já, kí òpó tó wó, mo ti bà á jẹ́. Nǹkan gbogbo ìlú ni mo gbé fún ẹnì kan, torí mo ń wá ojúure rẹ̀.

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ kọ́kọ́rọ́ kejì fún ẹ̀dá kankan rí. Mo sọ ọ́ fún ìyá rẹ lánàá, kó má baà jẹ́ pé ẹnu rẹ ló ti máa gbọ́ ọ. Ó gbé oúnjẹ mi wá, ó sì lọ jókòó sẹ́yìnkùlé. Ó tó wákàtí kan kó tó padà wọlé, ó wá ní, "Èmi ni mo bu omi yẹn fún yín."

Ohun tó ń bí mi nínú sí ọ gan-an ti yé ọ báyìí. Ohun tí mo ṣe nítorí ìyá rẹ ni o fẹ́ ṣe nítorí iṣẹ́. O fẹ́ mú gbọ̀ngàn tí àwọn ará abà fi ọwọ́ ara wọn kọ́, kí o gbé e fún ọ̀gá rẹ kó lè rẹ́rìn-ín sí ọ. O sì fẹ́ kí n bá ọ ṣe é lẹ́ẹ̀kejì. Mo bí ọ lóòótọ́, ìwà mi náà ni mo sì rí lára rẹ, ìyẹn ló jẹ́ kó dùn mí tó báyìí.

Bí o bá fẹ́ sọ pé n kò fẹ́ oníṣòwò, má sọ ọ́. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, èmi àti ọ̀rẹ́ mi kan jọ ṣí ilé ìpè ní Alakia, o rántí. A ní tẹlifóònù méjì àti ẹ̀rọ tó ń fi ìwé ránṣẹ́. A kun ara ògiri, a gbé fáànù sí i, a ń kí oníbàárà bí ẹni ń kí ọba, a sì ń ṣe dáadáa ju ìjọba lọ, mi ò ní purọ́. Ìyá àgbàlagbà kan wà tó máa ń rin ìrìn ẹsẹ̀ wá láti oko ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, kí ọmọ rẹ̀ tó wà lókè òkun lè pè é síbẹ̀. Nígbà tó yá, èrè ò wọlé mọ́. A palẹ̀ ẹrù wa mọ́ lọ́jọ́rú, a ti ilẹ̀kùn. Kò sí òfin tí a rú. Ilé wa ni, ẹ̀rọ wa ni. Kò sì sí ẹni tó rántí ìyá náà nínú àwa méjèèjì. Ẹni tó ń ta ẹran níwájú ṣọ́ọ̀bù ló sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ó wá ní Àbámẹ́ta, ó jókòó sẹ́nu ilẹ̀kùn títí ilẹ̀ fi fẹ́ ṣú, ó rò pé a lọ jẹun ni. Nítorí náà mo ti wà lẹ́yìn káúńtà méjèèjì. Ti ìjọba, ènìyàn á pè é, kò ní dáhùn. Ti oníṣòwò, ó ń dáhùn dáadáa, títí di ọjọ́ tí kò ní sí níbẹ̀ mọ́.

Ó yá, a dé orí ìwé rẹ.

Mo kà á. Ìwé kẹfà ni mo kà jáde, kì í ṣe ìwé kẹta, àwọn alùfáà ìjọ Gẹ̀ẹ́sì ló sì kọ́ mi ní èdè òyìnbó kí wọ́n tó bí ọ̀gá rẹ. Ní ojú ewé kẹrin, lábẹ́ lábẹ́, ó wà níbẹ̀ pé abà wa ò gbọdọ̀ gba tẹlifóònù tàbí íńtánẹ́ẹ̀tì ẹlòmíràn sórí ilẹ̀ rẹ̀, ìbáà jẹ́ ti ìjọba, níwọ̀n ìgbà tí iléeṣẹ́ yín bá fi wà níbẹ̀. Ní ojú ewé karùn-ún, ó wà níbẹ̀ pé iléeṣẹ́ yín lè kó ẹrù wọn nígbà tó bá wù wọ́n, láìsọ ìdí. Wọ́n lè lọ, àmọ́ a ò lè pe ẹlòmíì. Ṣé o ka ojú ewé méjèèjì yẹn kí o tó fi ránṣẹ́ sí bàbá rẹ? Bí o bá kà á, o ṣe ohun tí kò dára. Bí o kò bá kà á, o ṣe ohun tí kò dára. Ìmọ̀ràn kejì nìyí, má sì jẹ́ kí n tún un sọ: má gbé ìwé tí o kò kà síwájú ẹnikẹ́ni, má sì ní kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ sí ohun tí o kò lè dìde sọ fún un ní Yorùbá létí gbogbo ilé rẹ̀.

Èmi dìde sọ ọ́. Mo pe gbogbo abà jọ sí gbọ̀ngàn lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ tó kọjá, ọjọ́ kejì tí ìwé náà dé ọwọ́ mi, mo sì túmọ̀ rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Ó yé wọn, Àjíkẹ́. Ó yé wọn ju bó ṣe yé ìwọ lọ. Tíṣà Oyèdèjì tó kọ́ ọ ní ìwé kẹta ló kọ́kọ́ dìde. O mọ̀ wọ́n, wọn kì í sọ̀rọ̀ láìkọ́kọ́ nu jígí ojú wọn. Wọ́n ní, "Nǹkan ìlú ni nǹkan báyìí, ìjọba ló yẹ kó ṣe é. Owó orí là ń san. Ẹ ò gbọ́ bí akọ̀wé ṣe kà á ni? Wọ́n ní àwọn lè lọ nígbàkigbà."

Mùfú ní, "Tíṣà, ẹ má bínú. Lẹ́tà mélòó lẹ ti kọ sí ìjọba yẹn? Ẹ̀yin náà lẹ kọ ọ́, èmi ni mò ń gbé e lọ. Wọ́n fèsì kan? Ẹni tó fẹ́ ṣe é dé, ẹ ní kó má ṣe é. Bí ara ìyá mi bá yọ wọ́n lẹ́nu báyìí, Alakia ni màá wakọ̀ dé kí n tó lè pe ẹ̀gbọ́n mi."

Tíṣà ní, "Ìwọ lo ní mọ́tò. Àwọn tí kò ní ńkọ́?"

Mùfú ní, "Àwọn tí kò ní ni mò ń sọ, sà. Èmi ni wọ́n ń wá bẹ̀."

Wọ́n fà á títí. Àwọn kan ní ìjọba, àwọn kan ní iléeṣẹ́, àwọn ọ̀dọ́ ń pariwo íńtánẹ́ẹ̀tì bí ẹni pé wọ́n ti rí i rí. Mo ń kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ gẹ́gẹ́ bí akọ̀wé, inú mi sì ń dùn díẹ̀, torí mo ti rí i pé Tíṣà ń borí. Ìgbà yẹn ni Ìyá Sìkírà nawọ́ láti ẹ̀yìn níbi tí àwọn obìnrin jókòó sí. Kì í sọ̀rọ̀ ní ìpàdé. Ìwọ mọ̀ ọ́n sí ẹni tó ń fún ọ ní àgbàdo gbígbóná nígbà tí o bá ń ti ilé-ìwé bọ̀. Ó ń fún èmi náà di òní olónìí.

Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èmi ò mọ̀wé. Ì báà ṣe ti ìjọba, ì báà ṣe ti iléeṣẹ́ ọmọ wa Àjíkẹ́, mi ò mọ èyí tó dára. Ẹ ṣáà bá mi sọ ẹyọ kan. Tó bá di ọ̀sán, tí nǹkan sì ṣe ènìyàn, ta ni a máa jí?"

Àwọn ọ̀dọ́ rẹ́rìn-ín, torí wọn ò mọ ohun tó ń sọ. Àwa àgbà ò rẹ́rìn-ín. Tíṣà yọ jígí ojú wọn, wọ́n ń nù ún. Kò wo ọ̀dọ̀ mi nígbà tó ń sọ ọ́, kò sì sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀, ìbéèrè ló béèrè. Ì bá sàn kó wò mí. Mo ní kí ìpàdé ká, pé orí ń fọ́ mi, àwọn ènìyàn sì lọ sílé wọn láìrí ìdáhùn.

Nítorí náà, ìwé rẹ ń padà bọ̀ wá bá ọ lọ́wọ́ Mùfú, mi ò fọwọ́ sí i. Mo fi bírò pupa fa igi sí ojú ewé kẹrin àti ìkarùn-ún. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá, lókè ibi tí ó yẹ kí n fọwọ́ sí, mo kọ ìbéèrè Ìyá Sìkírà ní Yorùbá, bó ṣe sọ ọ́. Gbé e lọ bá ọ̀gá rẹ. Bó bá jẹ́ èdè òyìnbó nìkan ló gbọ́, túmọ̀ rẹ̀ fún un, o ti kàwé tó bẹ́ẹ̀. Sọ fún un pé a fẹ́ tẹlifóònù náà. A fẹ́ íńtánẹ́ẹ̀tì náà pẹ̀lú, bí o bá tilẹ̀ rí i pé mi ò tíì mọ ohun tó jẹ́. Ṣùgbọ́n ọ̀dẹ̀dẹ̀ ló máa wà, kò ní sí ilẹ̀kùn, orúkọ ẹni tó máa dúró tì í á wà lára ògiri, bí wọ́n bá sì fẹ́ lọ, wọ́n á sọ fún wa kó tó di ọjọ́ tí wọ́n máa lọ, kí a lè wá ẹlòmíì. Kí wọ́n kọ ìyẹn sínú ìwé. Ọjọ́ tí wọ́n bá kọ ọ́, màá fọwọ́ sí i kí Mùfú tó pa ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Mo ń kọ irú ìwé kan náà sí ìjọba lónìí, èmi àti Tíṣà, bí wọn ò bá tilẹ̀ ní fèsì.

Mo mọ̀ pé ó ṣeé ṣe kí ọ̀gá rẹ bínú, kí ó má sọ iṣẹ́ rẹ di èyí tó dúró. Ó dùn mí. Mo mọ bí o ṣe wá iṣẹ́ náà, mo mọ iye bàtà tí o ti wọ̀ já. Bó bá lé ọ, wá sílé, yàrá rẹ wà bí o ṣe fi í sílẹ̀, ìyá rẹ ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kó àpò àgbàdo sí i. Bí kò bá lé ọ, kí àga tó ń yí náà gbà ọ́, kí o jókòó lórí rẹ̀ bí ẹni tó mọ àwọn tó gbé òpó. Inú mi á rọ̀, má bẹ̀rù. Ọmọ mi ni ọ́, kò sí lẹ́tà tó lè yí ìyẹn padà.

Mo gbàgbé ìmọ̀ràn kẹta tí mo fẹ́ fún ọ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀. Ó dàbí pé nípa ọmọkùnrin tó ń wá kí ọ yẹn ni. Yóò padà wá sí mi lọ́kàn.

Ohun kan ló kù tí mo ní láti ṣe. Kọ́kọ́rọ́ kejì náà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ó ti dípẹtà, inú agolo ìṣó ni mo tọ́jú rẹ̀ sí láti ìgbà náà wá. Lọ́la, mò ń mú un lọ sílé Ìyá Sìkírà, màá fi hàn án, màá sì sọ fún un ibi tó wà lọ́jọ́ tí Làmídì jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ìyá rẹ ní òun ń bá mi lọ. Ọ̀sán la máa débẹ̀. Bí mo bá bá a lójú oorun, màá jí i.

Èmi ni bàbá rẹ tó bínú sí ọ, tó sì ń retí èsì rẹ.